Ìwé àyíká kì í ṣe awo ìjọba: ohun tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fún yín láyè láti rí, àti ibi tí àyè náà mọ

Láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí wọ Àjàṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń jáde lẹ́nu àwọn èèyàn bí wọ́n bá ti fẹ́ fọ́ òkúta lẹ́bàá oko wọn tàbí tí ẹnì kan fẹ́ kó pàǹtírí sí etí ọ̀sà: "Ìwé ìjọba nìyẹn, kò sí bí a ṣe máa rí i. Àfi oníròyìn, àfi lọ́yà." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe wá níbi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ará ìlú ṣì lè yí nǹkan padà ni ìgbà tí ìwé ṣì wà lórí tábìlì. Bí katapílà bá ti dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ̀tọ́ yìí ní ìdí. Abala 27 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ti 11 oṣù Kejìlá 1990 ní gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó mọ́, tó sì tọ́jọ́, ojúṣe rẹ̀ sì ni láti gbèjà àyíká náà. Kò sẹ́ni tó lè gbèjà ohun tí wọn ò jẹ́ kó mọ̀. Òfin àyíká 98-030 ti 12 oṣù Kejì 1999 wá sọ ọ́ di dandan pé kí iṣẹ́ tó lè ba àyíká jẹ́ kọ́kọ́ gba inú ìwádìí tí a ń pè ní EIE kọjá, ìyẹn ìwádìí ohun tí iṣẹ́ náà lè ṣe sí àyíká. Òfin yẹn náà ló mú audience publique wá, ìjókòó ìta gbangba tí ará ìlú ti lè béèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin 2015-07 ti 20 oṣù Kẹta 2015 dé, kóòdù ìròyìn. Torí orúkọ tó ń jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ṣe rò pé ti oníròyìn nìkan ni. Ẹnikẹ́ni ni òfin náà fún ní ẹ̀tọ́ láti dé ibi tí ìròyìn ìjọba wà. Ìyá tó ń ta gaàrí lọ́jà Kétu wà nínú ẹnikẹ́ni yẹn.

Àṣìṣe kejì tún wà, òdìkejì èyí sì ni. Rédíò Nàìjíríà ń wọlé sọ́dọ̀ wa kedere, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti gbọ́ pé ọjọ́ méje péré ni ọ́fíìsì ìjọba ní láti fèsì. Òótọ́ ni, òfin Nàìjíríà ti 2011 sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ òfin náà kò kọjá bodè Ìgólò. Àwọn mìíràn a máa dárúkọ àdéhùn Aarhus ti 1998, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú sí ìròyìn àyíká, tó fún ìjọba ní oṣù kan láti dáhùn ìbéèrè nípa àyíká. Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú àdéhùn yẹn. Guinea-Bissau ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, ní 2023. Ẹni tó bá fi Aarhus halẹ̀ mọ́ òṣìṣẹ́ ní Kùtọ̀nú ti fún un ní ìdí tó rọrùn láti ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oṣù méjì ni kí ẹ máa kà níhìn-ín. Bí ọ́fíìsì bá dákẹ́ fún oṣù méjì lórí ìwé tí ẹ kọ sí i, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí pé wọ́n kọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, oṣù méjì mìíràn ló kù fún yín láti gba kóòtù lọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù: wọ́n ń dúró dè é, wọ́n ń pe fóònù, ọ̀gá ń ní "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ọjọ́ ń lọ. Ẹ tún lè kọ̀wé sí Médiateur de la République, alárinà láàárín ará ìlú àti ọ́fíìsì ìjọba, tí òfin 2009-22 dá sílẹ̀. Ẹjọ́ tí ẹ bá fi sùn níbẹ̀ ò ní ná yín ní kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò kóòtù, kì í ṣe adájọ́.

Ìwé wo gan-an ni kí ẹ béèrè? Níbí ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá kọ̀wé pé "ẹ fún mi ní gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ nípa ibi ìfọ́kúta yẹn" kò ní rí nǹkan kan gbà, torí kò sí òṣìṣẹ́ tó mọ páálí tó máa ṣí. Ẹ dárúkọ ìwé: rapport d'EIE (èsì ìwádìí náà), PGES (ètò bí wọ́n ṣe máa kápá ewu tí iṣẹ́ náà lè mú bá àyíká), àti procès-verbal (àkọsílẹ̀) ìpàdé tí wọ́n bá ará ìlú ṣe. Bí àkókò yín kò bá tó, PGES ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Rapport d'EIE lè ju ọgọ́rùn-ún ojú ewé lọ, àmọ́ tábìlì ni ọkàn PGES: ewu tó lè ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n máa ṣe sí i, ẹni tó máa ṣe é, ìgbà tó máa ṣe é, iye owó rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀fà. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á máa fọ́n omi sí ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí eruku má bàa bo ilé, tí ẹ kò sì rí ọkọ̀ omi kankan, ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín nìyẹn. Procès-verbal náà ṣe pàtàkì. Ẹ wo ọjọ́ ìpàdé, ẹ wo àwọn ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ẹnì kankan láti abúlé tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ jù, ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà tó kàn.

Àwọn kan gbà pé níwọ̀n ìgbà tí mínísítà ti fún iṣẹ́ kan ní certificat de conformité environnementale, ìwé ẹ̀rí pé ó bá òfin àyíká mu, iṣẹ́ náà kò léwu mọ́. Rárá o. Ohun tí ìwé ẹ̀rí yẹn sọ ni pé wọ́n gba iṣẹ́ náà láyè bí oníṣẹ́ bá ṣe ohun tó wà nínú PGES.

Ọ̀dọ̀ ABE, ilé-iṣẹ́ àyíká tó wà ní Kùtọ̀nú, ni àwọn fáìlì EIE máa ń wà. Ti igbó ìjọba, bíi Dogo ní Kétu tàbí Ouémé-Boukou ní Ṣábẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ Eaux et Forêts, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó, ni. Omi ẹ̀rọ ìlú, SONEB. Ìpinnu kọ́ńsẹ́lì, mairie. Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní Faransé ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ni ín, arrondissement àti abúlé sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń pè ní décharge, ni wọ́n á fi ka oṣù méjì náà. Láìsí i, bíi pé ẹ kò kọ̀wé rí ni.

Ibi tí àyè mọ wá ńkọ́? Ohun tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè, wọn kò ní fún yín. Ohun tó wà níwájú adájọ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà. Àṣírí òwò wà nínú rẹ̀, bí irú èròjà tí ilé-iṣẹ́ fi ń po nǹkan rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí tó ń ṣàn wọ inú odò kì í ṣe àṣírí òwò lójú tiwa. Àdéhùn Aarhus pàápàá kò gbà kí ilé-iṣẹ́ fi àṣírí òwò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò de Bẹ̀nẹ̀, àmọ́ èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, ẹ lè lò ó nínú àlàyé yín. Ó tún yẹ kí wọ́n pa ibi tí ẹranko tó ti ń tán ń bímọ sí mọ́, torí bí ọdẹ bá kà á, ó parí. Ojú ewé kan tàbí méjì ni irú ìdíwọ́ báyìí sábà máa ń kàn. Bí wọ́n bá fi ojú ewé kan dí odindi fáìlì, ẹ kọ̀wé padà pé kí wọ́n yọ ojú ewé náà, kí wọ́n fún yín ní ìyókù.

Ìdíwọ́ kan wà tí kò sí nínú ìwé òfin: ohun tí wọn kò tíì ṣe rí, ẹ kò lè rí i gbà. Bí kò bá sẹ́ni tó yẹ omi kànga yín wò rí, lẹ́tà yín kò lè bí èsì láàbù. Ẹ máa béèrè èsì àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe, kí ẹ dárúkọ kànga náà àti ọdún.

Àwọn ìwé kan sì wà níta tẹ́lẹ̀ tí ẹ ò nílò lẹ́tà fún. Òfin àti décret wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ojúlé Secrétariat général du Gouvernement. Ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé jẹ́ ibi Ramsar, ìyẹn ilẹ̀ olómi tó wà lábẹ́ àdéhùn àgbáyé Ramsar, nọ́ḿbà 1018, láti ọdún 2000, ìwé àpèjúwe rẹ̀ sì wà lórí ojúlé Ramsar. Bí owó Báńkì Àgbáyé tàbí ti báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà bá wà nínú iṣẹ́ kan, ojúlé báńkì náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, torí òfin tiwọn fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé EIE síta kí ìgbìmọ̀ wọn tó jókòó lé iṣẹ́ náà lórí.

Nígbà tí ìwé bá wá tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ tó jù ú sórí WhatsApp, ẹ wo ẹ̀yìn procès-verbal. Orúkọ, nọ́ḿbà fóònù àti ìfọwọ́sí àwọn ará abúlé ló máa ń wà níbẹ̀. Kóòdù 2017-20 ti 20 oṣù Kẹrin 2018 (code du numérique) ló ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ló sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi bébà funfun bo àwọn nọ́ḿbà náà kí ẹ tó ya fọ́tò.