"News" kì í ṣe igun mẹ́rin ayé

Bí ẹ bá ti jókòó rí ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn nílẹ̀ wa, ẹ ó ti gbọ́ ọ: pé lẹ́tà mẹ́rin inú "news" dúró fún North, East, West àti South, torí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé ni ìròyìn ti ń wá. Ó dùn létí. Irọ́ gbuu sì ni.

"New" ni wọ́n fi s sí nídìí, kó lè di àwọn ohun tuntun. Bí "good" ṣe di "goods" náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè ohun tí G dúró fún. Ó ti tó bí ìparí ọ̀rúndún 14 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó, ó sì jọ pé àwọn Faransé ni wọ́n wò kọ́, torí "nouvelles" tí àwọn yẹn ń pe ìròyìn, ohun tuntun náà ni. Àwọn Dutch ń pè é ní "nieuws", láti ara "nieuw". Lédè tiwọn, O ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlà oòrùn, Z ló bẹ̀rẹ̀ ti gúúsù. Ẹ bá mi wá O àti Z nínú nieuws.

Sípẹ́lì ló wá tú àṣírí rẹ̀ jù. Láyé àtijọ́, bó ṣe wu oníkálukú ló ń kọ ọ́. Nígbà tí àwọn òǹtẹ̀wé kan ní London gbé ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ jáde ní 1622, "Weekely Newes" ni wọ́n kọ sí i lórí, e méjì nínú Newes. Àbí ìlà oòrùn méjì ló wà láyé nígbà yẹn ni?

Shakespeare náà kọ "these news", torí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ni púpọ̀ ni. Tíṣà tó nà yín lẹ́gba nítorí "a news", àṣẹ́kù ìyẹn ló ń ṣọ́.

Kíkó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ jọ kó di ọ̀rọ̀ ò wọ́pọ̀ rárá kó tó di ọ̀rúndún 20. Radar, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn ("radio detection and ranging"), jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló so ó pọ̀ ní 1940. Ṣùgbọ́n SOS, àmì tí ọkọ̀ ojú omi fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́? Wọ́n yàn án torí ó rọrùn láti tẹ̀ ní Morse, àmì ìró kúkúrú àti gígùn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́: kúkúrú mẹ́ta, gígùn mẹ́ta, kúkúrú mẹ́ta. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni "save our souls" dé. Bíbélì tí àwọn pásítọ̀ kan ń tú sí Basic Instructions Before Leaving Earth, "biblia" ti àwọn Gíríìkì ni, àwọn ìwé. (Ìwàásù yẹn máa ń múná o, mi ò bá a jà.)

Ẹni tó bá ní ìdánwò lọ́la, tí olùkọ́ rẹ̀ ṣì ń rin kinkin mọ́ igun mẹ́rin, kó kọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ kó lè yege. Tí èsì bá ti jáde tán, kó fi Newes ti 1622 hàn án.