Ẹ Fi Ọ̀nà Sílẹ̀ fún Odò

Bí odò bá ti kún, tí omi ya wọlé àwọn ènìyàn, ìlérí kan náà ni ìjọba máa ń ṣe: wọn yóò kó yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, wọn yóò sì mọ odi tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò tiwa ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá ilẹ̀ odò padà fún odò.

Ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí odò, omi ló gbé e wá. Ibẹ̀ ni odò máa ń tẹ́ sí nígbà tí òjò bá pọ̀ lókè, kó tó rọra fà padà. Bí a bá da yẹ̀pẹ̀ sí i, tí a kọ́lé lé e, omi tó ń bọ̀ kò ní dín kù. Yóò ga sí i ni, yóò sì tètè dé bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò.

Odi nìkan ni wọ́n gbára lé létí odò Mississippi ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 1927, nígbà tí odi já níbi púpọ̀, tí omi sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ẹnu ọ̀nà omi sí Bonnet Carré, lókè ìlú New Orleans, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1931. Òpó igi ni wọ́n tò ní òòró síbẹ̀ títí dòní. Tí odò bá ga jù, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo a máa fa àwọn igi náà yọ níkọ̀ọ̀kan, omi a gba ibẹ̀ lọ sínú adágún Pontchartrain. Ní Netherlands, nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló fi ilé sílẹ̀ nítorí àkúnya odò ní 1995. Nígbà tó yá, wọ́n sún odi sẹ́yìn ní ìlú Nijmegen níbẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ipa odò kejì kí omi lè rí àyè gbà.

Kíkó yẹ̀pẹ̀ odò wúlò níbi tí ìdọ̀tí ti dí i, àmọ́ yẹ̀pẹ̀ tún ń padà wá. Ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣọ́ ìsédò, ìyẹn ògiri ńlá tí wọ́n fi sé omi odò, dín omi rẹ̀ kù kí òjò tó rọ̀, kí wọ́n sì kéde kí wọ́n tó ṣí i.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé tó ti kọ́lé sójú omi, kí ló kù tó lè ṣe? Ọwọ́ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kí wọ́n fi ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún oko, fún pápá ìdaranjẹ̀ àti pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ ńkọ́? A kò fara mọ́ kí katakata ṣàdédé wó ilé tálákà. Ẹ san owó ilé fún wọn, ẹ fún wọn ní ilẹ̀ míì, kí ẹ tó ní kí wọ́n kó jáde.

Kí owó kankan tó wọ inú odi tuntun, kí ìjọba ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ tí omi máa ń dé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ilé kíkọ́, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè wò ó kó tó sanwó.