Ẹ Sọ Iye Rẹ̀ fún Wa Kí A Tó Tẹ̀ka

Ìyá aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iṣẹ́ Iléyá ti kún ọwọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ti gbé aṣọ wá, wọ́n ti san àsansílẹ̀, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò sórí iye tí yóò gbà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I pass my neighbour", ló fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Lítà epo bẹntiróòlù mẹ́ta ló ń gbé e dé alẹ́. Nígbà tí lítà kan wà ní bíi ₦185, owó epo ọjọ́ kan kò pé ₦600. Lọ́jọ́ 29 oṣù náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú búra wọlé ní Eagle Square l'Ábùjá, ó sì kéde níbẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo ti lé ní ₦480. Kí oṣù Keje tó parí, ó ti di ₦617 l'Ábùjá. Owó tó ń ra lítà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kò ra odindi ẹyọ kan mọ́.

Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà. Ìyá náà kò lè pe oníbàárà kankan padà pé kó fowó kún ohun tí wọ́n ti jọ sọ. Ó rán gbogbo aṣọ náà tán, ó sì jẹ gbèsè. Ó dìbò ní 25 oṣù Kejì ọdún yẹn. Ohun tó sọ fún wa ni pé òun mọ ẹni tí òun tẹ̀ka fún, àmọ́ òun kò mọ̀ pé owó epo jẹnẹrétọ̀ òun wà lábẹ́ ìtẹ̀ka náà.

Ìdúró ìwé ìròyìn yìí lórí ìbò ààrẹ ọdún 2027 nìyí. Olùdíje tó bá fẹ́ ìbò wa gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di ọjọ́ ìdìbò, ohun tí yóò ṣe sí owó epo, sí náírà, sí owó-orí àti sí owó oṣù. Kó sọ ìgbà tí yóò ṣe é. Kó sọ ohun tí yóò ti wà lọ́wọ́ ará ìlú kí ìnira ètò náà tó dé. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣetán láti jókòó sórí àga tó ń wá.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni pé ìjọba yìí ló dédé mú ọ̀rọ̀ epo wá látinú afẹ́fẹ́. Nígbà ìpolongo ìbò 2023, Tinúbú, Àtíkù Abubakar àti Peter Obi ló sọ pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ náà. Ìjọba Muhammadu Buhari kò fi owó rẹ̀ sínú ètò ìṣúná 2023 kọjá oṣù Kẹfà. Lọ́dún 2022 nìkan, tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà ni ilé aṣòfin fọwọ́ sí fún un, apá kan nínú epo yẹn ló sì ń gba ẹnubodè lọ bá àwọn tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Owó tó ń jò dànù ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan dí ihò náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá ni bí wọ́n ṣe to nǹkan tẹ̀ léra. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi gbé owó epo sókè. Owó oṣù tó kéré jù lọ, tó wà ní ₦30,000 láti 2019, kò kúrò lójú kan títí di 29 oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí ààrẹ fọwọ́ sí ₦70,000. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni òṣìṣẹ́ fi ń ra epo tuntun pẹ̀lú owó àtijọ́, bí a bá yọ ìwọ̀nba ẹ̀kúnwó onígbà díẹ̀ tí wọ́n fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí owó tuntun náà sì dé, ẹ jẹ́ ká fi epo wọ̀n ọ́n. ₦30,000 ń ra bíi lítà 162 kí ìbúra tó wáyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí ilé epo NNPC ní Èkó ń ta lítà kan ní ₦998, lítà 70 ni ₦70,000 ń rà. Lórí ìwé, owó oṣù ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nínú kẹ́ẹ̀gì, ó ti dín ju ìdajì lọ.

Epo nìkan kọ́. Ní 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀, CBN, jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦471 lójú ìwé ìjọba kọjá ₦1,500 kí oṣù mẹ́wàá tó pé. Òótọ́ ni pé irọ́ ni ₦471 yẹn fún ọ̀pọ̀ wa, nítorí ẹni tó mọ ẹni tó mọ ẹni nìkan ló ń rí dọ́là rà ní iye náà, tó sì ń tà á lọ́jà ní iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àlìkámà, páátì ọkọ̀ àti owó ilé ìwé ọmọ tó wà lókè òkun kò bèèrè ta ló jẹ̀bi. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè kà sí ìdá 22.41 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Karùn-ún 2023 di ìdá 34.8 ní oṣù Kejìlá 2024, kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò wọn padà.

Láti kojú ọ̀wọ́ngógó yẹn, Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé rẹ̀ láti ìdá 18.5 ní oṣù Karùn-ún 2023 dé ìdá 27.5 ní oṣù Kọkànlá 2024. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀, àmọ́ inú ilé wa ló ń sùn. Òṣùwọ̀n yẹn ni àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó sọ èlé tiwọn, wọ́n sì máa ń fi tiwọn lé e lórí. Ẹni tó yá owó ra ẹ̀rọ ìlọta tàbí ọkọ̀ akérò rí i pé èlé ti yí padà láàárín ọ̀nà, ìwé tó sì tọwọ́ bọ̀ ti gbà kí ó yí padà. Ní òdìkejì, ẹni tó ní owó tó lè yá ìjọba nípasẹ̀ ìwé owó Treasury Bills jèrè dáadáa lásìkò kan náà. Ìdìbò kan náà, ètò kan náà, ilé méjì, àbájáde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí olùdíje má kàn sọ pé ètò òun yóò ṣe "ará ìlú" láǹfààní. Ará ìlú wo? Ẹni tó jẹ gbèsè ni, àbí ẹni tó yáni lówó?

Òfin sọ pé CBN dá dúró, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ààrẹ ló ń yan gómìnà rẹ̀ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí i. Ní 9 oṣù Kẹfà 2023, ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìbúra, ààrẹ ní kí Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà báńkì náà nígbà yẹn, lọ rọ́kún nílé. Ẹni tó bá ń dìbò fún ààrẹ ń nawọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń sọ iye èlé owó tó yá.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí ohun tí a fojú rí kí ìdìbò yẹn tó wáyé rárá. Báńkì Àpapọ̀ kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé òun yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2023, owó àtijọ́ ò ṣeé ná mọ́, owó tuntun ò sí. A rí àgbàlagbà tó sùn sí iwájú báńkì kan láti aago mẹ́ta òru nítorí ₦5,000. A rí ẹni tó san ₦2,000 fún oní-POS kó tó gba ₦10,000 owó ara rẹ̀. Àwọn aláta sọ tòmátò wọn nù nítorí ẹni tó fẹ́ rà kò ní owó lọ́wọ́, ẹ̀rọ báńkì kò sì jẹ́ kó lè fi ránṣẹ́. Ìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá sí i ní 3 oṣù Kẹta, tí wọ́n ní owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná títí ọdún yóò fi parí, ìbò ààrẹ ti kọjá. A kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aláta yẹn.

Pàsán tí wọ́n fi na ìyálé wà lájà fún ìyàwó. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2012, ìjọba Goodluck Jonathan gbé epo láti ₦65 lọ sí ₦141, wàhálà bẹ́ sílẹ̀ jákèjádò orílẹ̀-èdè, wọ́n sì dá a padà sí ₦97. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2015, nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ₦87. Ní oṣù Karùn-ún 2016, lábẹ́ ẹni tó wọlé lẹ́yìn ìbò náà, ó fò dé ₦145. Ẹ wo bí owó náà ṣe ń rọ̀ nígbà tí wọ́n bá nílò wa, tó sì ń le nígbà tí wọn kò bá nílò wa mọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ni. Àṣà kan ṣoṣo ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò ṣeé ṣe láti sọ ọ̀rọ̀ owó fún ará ìlú tẹ́lẹ̀, kó wo òfin owó-orí tuntun. Ìgbìmọ̀ tí Táíwò Oyèdélé ṣe alága rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Àwọn gómìnà bínú, wọ́n ṣàtúnṣe, a jiyàn lórí rédíò títí ọ̀fun fi gbẹ. Ààrẹ fọwọ́ sí i ní 26 oṣù Kẹfà 2025, òfin náà kò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026. Oṣù mẹ́fà ni oníṣòwò fi mọ̀ pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó ń wọlé fún ẹnì kan lọ́dún kò ní owó-orí nínú mọ́. A ní àríwísí tiwa sí òfin náà, a ó sì sọ ọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà tó fi gbólóhùn kan yọ owó ìrànwọ́ epo ló lo ọdún méjì lórí owó-orí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tó bá wù wọ́n.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa yìí náà. Ní 1979, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, gbé ohun mẹ́rin kalẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìlera ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ kà á lórí ìka. Ẹni tó kórìíra rẹ̀ pẹ̀lú mọ ohun tí òun ń bá a jà lé lórí.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá ní òun yóò sọ epo kalẹ̀ sọ ẹni tí yóò san ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín iye tí wọ́n ń tà á àti iye tó ná ilé ìfọpo, yálà ti Dangote ni o tàbí ti òkè òkun. Kí ẹni tó bá ní náírà yóò lágbára sọ ibi tí dọ́là yóò ti wá, nítorí àwa kọ́ là ń tẹ dọ́là. Ti owó oṣù ni a fẹ́ kí wọ́n dáhùn jù lọ. Òfin 2024 ti gé àtúnṣe owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ọdún márùn-ún sí mẹ́ta, ìyẹn ni pé oṣù méjì péré lẹ́yìn ìbúra 29 oṣù Karùn-ún 2027 ni yóò tún kàn. Iye wo ni olùdíje ní lọ́kàn? Kí ni yóò ṣe fún ìpínlẹ̀ tó bá ní òun kò lè san án? Kò sí ìdí tí a ó fi dúró di ìgbà tí wọ́n bá wọlé tán ká tó gbọ́.

Fún àwa tí a ń dìbò, ọ̀rọ̀ "dìbò kó o sebẹ̀" ti di ohun tí àwọn kan ń fi ṣe ẹ̀rín. Kò pa wá lẹ́rìn-ín. Ká ní wọ́n fún ẹnì kan ní ₦10,000 ní ojúde ibùdó ìdìbò, tí ó pín in sí ọjọ́ gbogbo tó wà nínú ọdún mẹ́rin. Kò pé ₦7 lọ́jọ́. Kò ra omi inú ọ̀rá kan. Ní 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93, ìbò tí a kà kò pé mílíọ̀nù 25, ìbò 8,794,726 ló sì gbé ẹni tó wọlé wọlé. Ìwọ̀nba èèyàn yẹn ló bá gbogbo wa yan iye tí a ó máa ra epo.

Bí àsìkò ìbò bá sì ń sún mọ́lé, kí olúkúlùkù ṣọ́ ara rẹ̀. Kò dára kí èèyàn tọwọ́ bọ̀wé gbèsè ọlọ́dún mẹ́ta lórí ìlérí olùdíje kankan. Ẹni tó bá fẹ́ yá owó, kó bèèrè lọ́wọ́ báńkì tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ bóyá èlé náà lè yí padà, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn án. Ẹni tó bá ń gba àsansílẹ̀ iṣẹ́, kó fi owó náà ra ohun èlò lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá aránṣọ wa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, ó sì ti ń kọ ọ́ sínú ìwé tí oníbàárà ń fọwọ́ sí pé bí epo bá lé, owó ìránṣọ yóò lé.

Òun ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùdíje ló kù. Ojú ìwé kejì ìwé ìròyìn yìí ṣí sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèlú yòówù kó jẹ́. Èyí tó bá fi ètò rẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́ nínú, a ó tẹ̀ ẹ́ jáde láì gba kọ́bọ̀, láì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Èyí tí kò bá fi ránṣẹ́, a ó tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, a ó sì fi àyè tó yẹ kí ètò rẹ̀ wà sílẹ̀ lófìfo.