Omi lásán kò tó fún rédíétọ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp láàárín àwa onímọ́tò Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù: pé òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe kúláǹtì (oògùn olómi tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀), pé omi bọ́hòlù ti tó mọ́tò tiwa. Irọ́ ni o!

Lóòótọ́, kúláǹtì kì í jẹ́ kí omi dì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ síbẹ̀. Omi lásán ń hó ní 100°C. Tí a bá po kúláǹtì mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, ó máa ń tó nǹkan bí 106°C kó tó hó, ìdérí rédíétọ̀ sì tún ń gbé e ga sí i. Ẹni tó bá ti há sínú gosiló ní Ṣágámù lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí mò ń wí. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà tún wà nínú rẹ̀. Ẹ tú rédíétọ̀ tó ti ń mu omi bọ́hòlù látọjọ́ yìí wò: omi pupa bí epo ni yóò tú jáde, ìpẹtà á máa ṣàn bọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó ṣí ìdérí, kí omi gbígbóná má baà bó yín lójú. Distilled water (omi tí wọ́n ti yọ èròjà inú rẹ̀ kúrò) ni kẹ́ ẹ fi po kúláǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ògbólógbòó rẹ̀ sí gọ́tà: ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni, ajá tàbí ọmọdé tó bá lá a lè kú.