Kí aboyún tó rọbí ló yẹ kó ti gbọ́ nípa iṣẹ́ abẹ

Orin ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kílíníìkì aboyún nílẹ̀ Yorùbá. Nọ́ọ̀sì á dárin, àwọn aboyún á pàtẹ́wọ́, wọn á jó níwọ̀n tí ikùn bá gbà wọ́n láyè. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló kàn: ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ tètè ra òwú àti nálọ́nù. Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ bá yọjú rárá, inú àdúrà ló ti ń yọjú. "Abẹ ò ní kàn yín o!" Gbogbo ilé á ké "Àmín!" Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ parí sí.

Ṣé ó wá yani lẹ́nu pé bí dókítà bá dárúkọ abẹ lóru ọjọ́ ìrọbí, bí ìdájọ́ ikú ló ṣe ń dún létí? Obìnrin ti ń rọbí láti àná, ìyá ọkọ ní òun bí méje láìmọ abẹ, wòlíì ń pè pé kí wọ́n ṣì ní sùúrù, ọkọ ń wá owó kiri. Àwọn míì á dìde gba ilé àgbẹ̀bí ìjọ lọ. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé wọn padà, ilé ọmọ lè ti bẹ́. A kì í sì í pẹ́ bú wọn lólóríkunkun. Ta ló ṣàlàyé fún wọn nígbà tí ara ṣì balẹ̀?

Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ìbí ní Nàìjíríà, nǹkan bí 3 péré ni wọ́n fi abẹ gbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí iye yìí bá ń gòkè dé 10, ikú ìyá àti ọmọ ń dín kù. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀rí pé ó tún ń dín in kù. A ò ní kí gbogbo aboyún wá tò síwájú yàrá iṣẹ́ abẹ. Ní Brazil, ó ju ìdajì ọmọ lọ tí wọ́n ń fi abẹ gbà, ìyẹn náà kì í ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n àjọ yẹn kan náà ṣírò pé nǹkan bí 75,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa nílẹ̀ wa lọ́dún 2023.

Bíbí látojú ara ló sàn jù fún ọ̀pọ̀ obìnrin: ara tètè ń kọ́fẹ padà, kò sì sí àpá tí yóò da oyún mìíràn láàmú. Kí àwọn nọ́ọ̀sì sọ bẹ́ẹ̀ ní kílíníìkì. Kí wọ́n sì sọ pé bí ibi ọmọ bá dí ẹnu ilé ọmọ pátápátá, kò sí àwẹ̀bí tó lè ṣí i, àti pé ẹ̀rọ ayàwòrán inú lè fi hàn tipẹ́ kí ìrọbí tó dé. Kí wọ́n sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, tó ń mú kí ìsàlẹ̀ ara kú tí ìyá á sì gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀ létí ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún rí lè bí èyí tó kàn látojú ara, bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì jẹ́ ilé ìwòsàn tí yàrá iṣẹ́ abẹ wà nítòsí ni. Èrò pé abẹ ẹ̀ẹ̀kan ti di abẹ títí ayé wà lára ohun tó ń lé wọn sá.

Àwọn kan ń fura pé owó ni dókítà ń wá. A ò lè sọ pé irọ́ ni níbi gbogbo. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti ní kí wọ́n sọ àìsàn, ọ̀nà ìtọ́jú, ewu àti iye owó fún ẹni tó wá gbàtọ́jú, lédè tó gbọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ di dandan pé kílíníìkì gbọ́dọ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àlàyé iṣẹ́ abẹ, lédè Yorùbá, tọkọ-taya níkàlẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ Mínísítà ètò Ìlera nígbà náà, kéde iṣẹ́ abẹ ìbímọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn obìnrin tálákà. Kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe é mọ́ ògiri kílíníìkì, kí wọ́n lẹ iye owó fún àwọn tó máa sanwó.

Kí àwọn ilé ìwòsàn sì jáwọ́ nínú dídúró de ọkọ kó wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ìyàwó ló ni ara rẹ̀. Kí wọ́n gba ìfọwọ́sí lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n máa báṣẹ́ lọ.