Èkúté Ṣọ́ọ̀bù Làmídì

(Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Mọ́kọlá, n'Ìbàdàn. Làmídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ tábìlì. Alàgbà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé.)

ALÀGBÀ: Làmídì, kí lò ń wá lábẹ́ tábìlì?

LÀMÍDÌ: (ó dìde, ó sún mọ́ ọn) Ẹ káàbọ̀, sà. Èkúté ni!

ALÀGBÀ: (ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná gbé) Ha!

LÀMÍDÌ: Ẹ̀yin náà gbóòórùn ẹ̀, àbí? Ọ̀sẹ̀ kẹta rè é. Mo ti fọ́n òtapiapia, mo ti ká tápólì nílẹ̀, mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ síta. Mi ò rí irun ẹ̀.

ALÀGBÀ: Ta tiẹ̀ ló sọ fún ọ pé èkúté ni?

LÀMÍDÌ: Ẹ̀yin kọ́? Lọ́jọ́ tí mo gé irùngbọ̀n yín, ẹ ní, “Làmídì, bí ẹni pé nǹkan kú síbí.”

ALÀGBÀ: (ó yíjú sí ẹ̀yin òǹkàwé) Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Abẹ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ọrùn mi ló sì wà.

(Ó jókòó. Làmídì so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó tan kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ẹ̀.)

ALÀGBÀ: Ẹ̀yìn orí ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má sì sọ̀rọ̀.

LÀMÍDÌ: Bàbá, onígbàjámọ̀ wo ni kì í sọ̀rọ̀? Irun ti dà sójú yín. Fùùùù!

(Ó fi ẹnu fẹ́ irun kúrò lójú Alàgbà. Omi lé ròrò lójú Alàgbà. Ìyá Onípákò yọjú.)

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Làmídì, bá mi wá ṣéńjì. Ẹ̀ẹ́n! Bàbá, kí ló ń pa yín lẹ́kún?

ALÀGBÀ: Èkúté ni.

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Èkúté wo? Ẹ ò ní sòótọ́ fọ́mọ yìí! Làmídì, lá ọrùn ọwọ́ ẹ.

LÀMÍDÌ: Kí n lá kí ni?

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Ọrùn ọwọ́. Ẹ̀yìn ahọ́n ni kó o fi lá a, kì í ṣe ṣóńṣó ẹ̀. Jẹ́ kó gbẹ. Ó yá, gbóòórùn ẹ̀.

LÀMÍDÌ: (ó gbóòórùn ẹ̀, ó já tọ́ọ̀ṣì gbà) Yéè! Ó ti wà nítòsí!

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Ẹnu ẹ ni!

(Kẹ́kẹ́ pa. Kílípà nìkan ló ń kùn.)

LÀMÍDÌ: Ẹnu tèmi? Èmi tí mò ń fọ eyín láràárọ̀, tí TomTom kì í kúrò lẹ́nu mi?

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ìsàlẹ̀ ló ti wọ́ wá, ìwọ ń fi TomTom tún òkè ṣe. Ṣúgà inú ẹ̀ gan-an, oúnjẹ ni fún ohun tó ń rùn. Yọ ahọ́n síta. Bàbá, ẹ wá wò ó.

ALÀGBÀ: Mo ń rí i láti ibí.

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Ẹ̀yìn ẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ àná. Kòkòrò tójú ò lè rí ló kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n ń jẹ ìyókù oúnjẹ, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ imí ọjọ́ síta. Aago mélòó lo jẹun lálẹ́ àná?

LÀMÍDÌ: Mọ́kànlá. Ẹ̀bà àti ṣàkì.

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: O fọnu kó o tó sùn?

LÀMÍDÌ: Ta ló ń fọnu torí àlá?

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Itọ́ ló ń ṣan ẹnu fún wa lójúmọmọ. Téèyàn bá sùn, itọ́ á dínkù, ẹnu á gbẹ. Ìgbà yẹn gan-an lòde kòkòrò máa ń kún! Alẹ́ àti àárọ̀ ni kó o máa fọ̀ ọ́, ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín. Fi ṣíbí rọra ha ahọ́n láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kó o sì fi òwú tí wọ́n ṣe fún eyín yọ ṣàkì tó há sáàárín.

LÀMÍDÌ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta pákò lẹ ní kí n lọ ra ọṣẹ?

ÌYÁ ONÍPÁKÒ: Pákò mi ò lẹ́bi, ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n jẹ. Eyín iwájú tí ọmọge máa rí lò ń fà bí ẹní fa fáyólìn. Àwọn ti ẹ̀yìn ńkọ́? Tí èrìgì ẹ bá ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, tábì òórùn ọ̀hún ò lọ, gba ilé ìwòsàn UCH lọ bá dókítà eléyín. Kò jìnnà síbí. Ohun tó ti le bí òkúta mọ́ ìdí eyín, ṣíbí ò ká a.

(Ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà. Ṣọ́ọ̀bù kún. Alàgbà wọlé, ó ń ti ojú ọ̀nà fa atẹ́gùn símú.)

ALÀGBÀ: Làmídì! Atẹ́gùn ti yí padà. O rí èkúté ọ̀hún?

LÀMÍDÌ: Mo rí i, sà. Ṣíbí ni mo fi wà á jáde. Ẹ jókòó.

(Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Alàgbà. Alàgbà rẹ́rìn-ín músẹ́, eyín àtọwọ́dá ń dán. Làmídì fà sẹ́yìn.)

LÀMÍDÌ: Bàbá, eyín yín yìí, ẹ máa ń yọ ọ́ fọ̀ kẹ́ ẹ tó sùn?

ALÀGBÀ: Kí n yọ kí ni? Gbogbo owó tí mo kó lé e yẹn! Òun ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

(Làmídì ò fọhùn. Ó gbé tọ́ọ̀ṣì, ó dọ̀bálẹ̀, ó wọ abẹ́ tábìlì lọ.)

ALÀGBÀ: Làmídì, kí ló tún dé?

LÀMÍDÌ: (láti abẹ́ tábìlì) Bí ẹni pé nǹkan kú síbí ni, sà.