Kì í Ṣe Etí Omi ni Odò Parí Sí

Bí omíyalé bá ti gbé ilé lọ, odò la máa ń di ẹ̀bi rù. Odò kún, odò ya, odò ṣe wá léṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Odò ni omi tó ń ṣàn. Àfonífojì ni ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ láàárín òkè, tí omi òjò ń wọ́ jọ sí, yálà odò wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Odò lè gbẹ, ó sì lè yà gba ibòmíràn. Àfonífojì kì í lọ síbì kankan. Àfonífojì ńlá ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ilẹ̀ tó ya ló fà á, ṣùgbọ́n ti Ìbàdàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ló gbẹ́ tiwa, omi ló sì ni ín.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù Kejìlá tàbí Kínní ni agẹ́ńtì máa ń mú oníbàárà débẹ̀. Ọyẹ́ ti mú, ilẹ̀ ti gbẹ, omi tó kù kò ju èyí tí ọmọdé lè fò kọjá. Típà ti da yẹ̀pẹ̀ pupa sórí àkùrọ̀ tí àwọn ìyá ti ń gbin tẹ̀tẹ̀. Wọ́n á na téèpù láti etí omi, wọ́n á ní àwọn ti fi àyè sílẹ̀ fún odò. Kò sẹ́ni tó wo ògiri ilé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, níbi tí ẹrẹ̀ ti fàlà sábẹ́ fèrèsé. Ìlà yẹn gan-an ni etí odò. Etí omi ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n fi téèpù wọ̀n.

Ìbàdàn ò sì lè sọ pé òun ò rí i rí. Ní 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya, ó pa ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn. Ní 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó lé ní mílímítà 180 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Afárá Àpẹ̀tẹ̀ wó, ẹ̀mí tó bá omíyalé ọjọ́ náà lọ lé ní 100. Lójú ẹni tí kò ṣírò rẹ̀, mílímítà 180 kò tó nǹkan. Lórí pulọ́ọ̀tì kan péré, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ó lé ní lítà 80,000, ìyẹn táńkà omi onílítà 10,000 mẹ́jọ. Ẹ wá ka gbogbo pulọ́ọ̀tì láti Màpó dé Mókọ́lá, tí páànù àti kọnkéré kò jẹ́ kí ilẹ̀ fa omi mu. Ibo ni kó gbà? Kọnkéré tí wọ́n fi la ọ̀nà fún Ògùnpa láàárín ìlú dára, ṣùgbọ́n odò nìkan ló tọ́jú. Ilé ṣì ń wọ inú àfonífojì, ọ̀rá piọ́ wọ́tà sì ti dí gọ́tà tó yẹ kó máa gbé omi lọ.

Ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni pé kí wọ́n yéé wọn àyè odò láti etí omi. Ibi tí omi ọdún 2011 dé ni kí wọ́n ti máa wọ̀n ọ́n. Kí wọ́n yà á sórí máàpù, kí wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ara ògiri gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àkùrọ̀ padà di ti ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti pápá bọ́ọ̀lù.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ òkè ti wọ́n jù, ibo ni kí mẹ̀kúnnù kọ́lé sí? Òótọ́ ni wọ́n sọ, ìdí sì nìyẹn tí a ò fi fara mọ́ ọn pé kí katakata kàn dédé dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tí ìjọba fúnra rẹ̀ fún ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé gbọ́dọ̀ gba owó gbà-má-bínú kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá tún fọwọ́ sí ilé nínú àkùrọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, kí orúkọ rẹ̀ hàn gbangba lára ìwé náà, kí a lè pè é wá ṣàlàyé lọ́jọ́ tí omi bá dé, kódà bó ti fẹ̀yìn tì.